Ọ́ḿpáyà Kò Gbọdọ̀ Dá Dúró

Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ni mo gbé wá lónìí, kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ dunjú. Bésíbọ́ọ̀lù ni, eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi igi gbá, tí wọ́n sì ń sáré yí ibùdó mẹ́rin po. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn tí ń gbá a ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí bí kò ṣe àwọn tí ń dá ẹjọ́ rẹ̀, àti bí a ṣe ń darí ẹgbẹ́ wọn ní àdúgbò, níbi tí kò sí tẹlifíṣọ̀n, tí kò sí owó ńlá, tí ó jẹ́ pé ọmọ ilé-ìwé ló wà lórí pápá, tí bàbá àti ìyá wọn sì dúró sẹ́yìn ọgbà wáyà tí wọ́n ń pariwo.

Kí ni a ó máa pe irú adájọ́ bẹ́ẹ̀? Rẹfirí ni ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti di tiwa. Àwọn Òyìnbó ya ti bésíbọ́ọ̀lù sọ́tọ̀, wọ́n pè é ní umpire, èmi sì ń kọ ọ́ ní ọ́ḿpáyà. Ìtàn ọ̀rọ̀ náà dùn púpọ̀. Inú èdè Faransé àtijọ́ ni ó ti wá, nonper ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹni tí kò ní ẹnì kejì, ẹni tó ṣẹ́ kù nígbà tí a bá ti to àwọn ènìyàn ní méjì-méjì. Nígbà tí ó dé ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣi ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀ gbọ́, lẹ́tà n tó wà níwájú rẹ̀ sì bọ́ sọnù. Ẹni kẹta láàrin ẹni méjì tí ń bá ara wọn du nǹkan ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ó bá iṣẹ́ náà mu, nítorí ọ́ḿpáyà kò gbọdọ̀ sí ní ìhà ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ní ìtumọ̀ kan tí kò yẹ kí a jẹ́ kí ó ṣẹ, èyíinì ni pé kí ẹni náà má ní ẹlẹgbẹ́ kankan. Mo gbà pé iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ọ́ḿpáyà wà fún ni láti fún ẹni tí kò ní ẹnì kejì ní ẹnì kejì. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi bí ìdájọ́ náà ti rí hàn yín. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí olórí ẹbí bá fẹ́ parí ìjà nílé wa, yóò pe ẹni tó pẹjọ́, yóò pe ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, yóò pe ẹlẹ́rìí, wọn yóò sì jókòó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọ́ḿpáyà kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ó ń sáré lọ sí ibùdó àkọ́kọ́. Ẹlòmíràn he bọ́ọ̀lù náà nílẹ̀, ó sọ ọ́ sí ẹni tó dúró ní ibùdó yẹn. Èwo ló kọ́kọ́ dé, ẹsẹ̀ ni àbí bọ́ọ̀lù? Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti parí. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí a tẹjú mọ́ ibùdó láti wo ẹsẹ̀ asáré, kí a sì fetí sí ìró bọ́ọ̀lù bí ó bá wọ inú ìbọ̀wọ́. Ẹ ò rí i pé ọ́ḿpáyà náà ń gbọ́ tẹnu ẹni méjì: ojú ni ó fi ń gbọ́ ti ọ̀kan, etí ni ó fi ń gbọ́ ti èkejì. Ìdájọ́ irú èyí kò sì ní kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí ọ́ḿpáyà bá lo òfin lódì, olùkọ́ lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, ó parí síbẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ṣe akọ̀wé fún ọ̀kan nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ìgbà òtútù ni iṣẹ́ wa ń bẹ̀rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn ìjẹun ilé-ìwé kan ni a ti ń pàdé láti oṣù Kìíní, a ó ka ìwé òfin tí àjọ àpapọ̀ eré ìdárayá ilé-ìwé gíga, NFHS, ń tẹ̀ jáde, a ó ṣe ìdánwò, a ó san owó ẹgbẹ́, a ó sì kọ́ bí ènìyàn méjì ṣe lè ṣọ́ ibùdó mẹ́rin. Ọ̀kan yóò dúró lẹ́yìn ibùdó ilé, lẹ́yìn ahánbọ́ọ̀lù tó lóṣòó, pẹ̀lú ìbòjú irin, aṣọ ààbò àyà àti ti ojúgun. Èkejì yóò wà láàrin pápá. Bí èyí bá sáré lọ síhìn-ín, tọ̀hún gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ó kù fún òun láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí ijó ni, bí ẹnì kan bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, gbogbo agbo ni yóò rí i.

Àwọn wo ni ọmọ ẹgbẹ́? Àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ rí, obìnrin díẹ̀, àti àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn kò ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí mẹ́rìndínlógún lọ, tí ó jẹ́ pé bàbá wọn ló ń fi ọkọ̀ gbé wọn wá. Ohun tó fà á tí àgbà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni eré ilé-ìwé ń bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn má baà wọ̀ mọ́ wọn lórí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì kò sì lè fi tábìlì rẹ̀ sílẹ̀ ní agogo mẹ́ta lójoojúmọ́. Bí àwọn àgbà wọ̀nyí bá ti ń dàgbà kọjá eré sísá, tí a kò sì lè mú àwọn ọ̀dọ́ dúró, ta ni yóò kù?

Ẹ má wo ààrẹ bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ní agbára nínú ẹgbẹ́. Ẹ wo ẹni tó ń pín eré. Apín-eré ni mo ń pè é. Òun ni ilé-ìwé ń pè pé a ní eré lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun; òun ni yóò sọ pé kí lágbájá dúró lẹ́yìn ibùdó ilé, kí tẹ̀mẹ̀dù wà láàrin pápá. Bí òjò bá rọ̀ ní oṣù Kẹrin, tí gbogbo eré ọjọ́ náà sì fò lọ, òun ni yóò tún un tò lóru. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì ń kí àwọn tí ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pín eré ló ń pín owó, ló sì ń pín iyì. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn yóò máa rí eré ńlá gbà. Ẹni tó bá bi í ní ìbéèrè nípàdé yóò bá ara rẹ̀ ní pápá tó jìnnà jù lọ, lọ́jọ́ tí òtútù pọ̀ jù lọ. Mo mọ ọ̀kan, ní ẹgbẹ́ tí n kò ní dárúkọ, tó ń yan ara rẹ̀ sí eré ìparí lọ́dọọdún. Kò sí ẹni tó bi í ní ìdí, nítorí ẹni tó bá bi í kò ní ríṣẹ́.

Èrò mi lórí èyí kò gùn. Kí apín-eré má ṣe ààrẹ, kí ó má sì wà lára àwọn tí ń gbé àwọn ọ́ḿpáyà lé òṣùwọ̀n. Kí ẹgbẹ́ lẹ ìwé mọ́ ògiri, kí gbogbo ènìyàn rí ẹni tó gba eré mélòó, àti irú eré tí ó gbà. Ìwé kan ṣoṣo yẹn yóò pa ìjà tí ìpàdé mẹ́wàá kò lè parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí gan-an ni ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nínú ìwé orúkọ tó wà lọ́wọ́ mi, àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ni mo ń fa igi lé orúkọ wọn lórí jù lọ. Wọ́n á wá ní oṣù Kìíní pẹ̀lú aṣọ tuntun, wọn á yege nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n bí oṣù Kẹfà bá fi máa dé, wọn kì í gbé fóònù mọ́. Ènìyàn á rò pé owó ni, àbí ooru. Ẹ bi wọ́n léèrè, wọn yóò sọ fún yín nípa ọjọ́ kan pàtó. Ọjọ́ yẹn, ó dá wà, àbí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn tí kò mọ̀ ju òun lọ. Ó pe ìdájọ́ kan, olùkọ́ fò jáde, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ ariwo, kò sì sí ẹni tó rìn wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Obìnrin kan wà tí gbogbo ẹgbẹ́ ọ́ḿpáyà yẹ kí ó mọ ìtàn rẹ̀. Bernice Gera ni orúkọ rẹ̀. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọ́ḿpáyà ní ọdún 1967, àwọn tó ni líìgì kọ̀ láti gbà á nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, ó sì bá wọn rojọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi jàre. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹfà ọdún 1972, ní ìlú Geneva, ní ìpínlẹ̀ New York, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe ọ́ḿpáyà nínú eré àwọn agbábésíbọ́ọ̀lù tí ń gbowó iṣẹ́. Ó pe ìdájọ́ kan ní ibùdó kejì, ó yí i padà, ọ̀gá ẹgbẹ́ kan jáde wá bá a jà, ó sì lé ọkùnrin náà kúrò lórí pápá. Nígbà tí eré náà parí, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ariwo ọkùnrin kan ló lé e sá. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ yàtọ̀: àwọn ọ́ḿpáyà ẹlẹgbẹ́ òun ni kò fẹ́ bá òun ṣe pọ̀. Ọ̀gá ẹgbẹ́ kò lè lé ẹni tó bá kóòtù jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹnì kejì tí kò bá a sọ̀rọ̀ ló lè lé e.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ ní gbogbo ìpàdé pé a kò gbọdọ̀ rán ẹni tuntun lọ sí pápá ní òun nìkan, a kò sì gbọdọ̀ so ẹni tuntun méjì pọ̀. Kí àgbà kan bá a lọ fún eré mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí wọ́n jọ dé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kí wọ́n sì jọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn eré láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn baba wa mọ èyí. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kì í dá wà nídìí ẹwìrì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn apín-eré á ní ènìyàn kò tó, pé bí a bá fi àgbà ti ọmọdé, eré mìíràn yóò ṣófo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn kò tó nítorí pé a ń sọ àwọn tuntun nù, a sì ń sọ wọ́n nù nítorí pé a ní ènìyàn kò tó. Ó di dandan kí ẹnì kan já okùn yìí, apín-eré ló sì mú un dání.

Ẹ jẹ́ kí a wá kan àwọn òbí. NFHS kéde pé láàrin sáà 2018 sí 2019 àti sáà 2021 sí 2022, àwọn adájọ́ eré ilé-ìwé gíga tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nínú gbogbo eré ìdárayá lápapọ̀, tó nǹkan bí 50,000. Àrùn kòrónà wà nínú rẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn adájọ́ eré, NASO, fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn adájọ́ ní ọdún 2023, ó lé ní ìdajì àwọn tó dáhùn tó sọ pé ìwà àwọn ènìyàn níbi eré ń burú sí i ni.

Ẹnu yóò ya ọmọ Yorùbá tó bá kọ́kọ́ dé irú pápá bẹ́ẹ̀. Baba onírun funfun ni yóò máa bú ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nítorí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nílé wa, àgbà ló ń bá ọmọdé wí, ọ̀rọ̀ yìí sì lè dà bí ẹni pé ó bá àṣà mu lójú àwọn kan. Kò bá a mu. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí a bá ti fi ipò lé ọmọdé lọ́wọ́, ipò náà ni àgbà ń bọ̀wọ̀ fún. Ṣebí ọba mìíràn kéré ju àwọn ìjòyè rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, wọ́n sì ń dọ̀bálẹ̀ fún un.

Tẹlifíṣọ̀n náà dá kún un. Òfin sọ ibi tí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí ó tó dára: láti ààrin méjì èjìká àti ìgbànú ṣòkòtò, dé kòtò tó wà lábẹ́ orúnkún. Ara ẹni tó mú igi dání ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, nítorí náà ti ọmọ gíga kò rí bí ti ọmọ kúkúrú. Lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ya àpótí kan sí afẹ́fẹ́, gbogbo ènìyàn sì ń rí i. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, líìgì àgbà fọwọ́ sí i pé láti ọdún 2026 àwọn agbábọ́ọ̀lù lè pe ẹ̀rọ láti yẹ ìdájọ́ ọ́ḿpáyà wò. Ó dára fún wọn. Ṣùgbọ́n bàbá tó wo àpótí yẹn lálẹ́ àná ti gbé e wá sí pápá àdúgbò lónìí, inú ojú rẹ̀ ló wà, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń rí i. Láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà ni ó ti ń wo bọ́ọ̀lù, ó sì fẹ́ kọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn ibùdó ní ibi tí bọ́ọ̀lù gbà.

Kí ni kí ẹgbẹ́ ṣe? Ní ọdún 2023, àwọn olùdarí Little League ní Deptford, ní New Jersey, ṣe òfin kan tó gba gbogbo Amẹ́ríkà kan: òbí tó bá bú ọ́ḿpáyà kò ní wọ pápá mọ́ àfi bí ó bá ṣe ọ́ḿpáyà fún eré mẹ́ta, pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo sì pàtẹ́wọ́. Síbẹ̀ n kò ní fẹ́ kí a ṣe é níbi tiwa. Iṣẹ́ wa kì í ṣe ẹ̀wọ̀n tí a ń fi ẹlẹ́ṣẹ̀ sí, àwọn ọmọ tó wà lórí pápá kò sì dẹ́ṣẹ̀ kankan tí a ó fi fi oníbìínú ṣe adájọ́ wọn. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé líìgì náà gbà pé àwọn ló ni àwọn òbí wọn. Ohun tó sọnù ní ibòmíràn nìyẹn. Wọ́n kọ́ ọ́ḿpáyà pé kí ó má dá èrò ìwòran lóhùn, pé alábòójútó pápá ni yóò bá wọn sọ̀rọ̀. Ó dára, níbo ni alábòójútó náà wà? Ní ọ̀pọ̀ pápá tí mo ti ṣiṣẹ́, ó ti lọ sílé.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ẹgbẹ́ kọ ọ́ sínú àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú líìgì kọ̀ọ̀kan pé, kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, àgbàlagbà kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wá kí ọ́ḿpáyà, kí ó dárúkọ ara rẹ̀, kí ó sọ pé, “Èmi ni mo ń bójú tó àwọn ènìyàn wa lónìí.” Bí kò bá sí, kí eré má bẹ̀rẹ̀. Bí líìgì kan bá kọ etí dídi sí ìkìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí a má rán ẹnikẹ́ni lọ sọ́dọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ wa kò fẹ́ èyí, n kò sì lè ní wọn kò ní ìdí. Wọ́n ní àwọn ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀, pé ọmọ tó ti ń dúró de ọjọ́ Sátidé kò mọ ohun tí bàbá ẹlòmíràn ṣe. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, ó sì ti lé oorun lójú mi rí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti ń jìyà náà. Nígbà tí ọ́ḿpáyà kò tó, eré àwọn kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ ń fagi lé, kí wọ́n lè rí ènìyàn fún ti àwọn àgbà wọn. Ìyà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni, kò sí ẹni tó ń jẹ́bi rẹ̀, nítorí náà ó rọrùn láti gbà. Bí ó bá di dandan kí eré kan má ṣe é ṣe, mo fẹ́ kí gbogbo òbí mọ ohun tó fà á.

Ti owó, n kò ní sọ púpọ̀. Kí wọ́n fi kún un bí wọ́n bá lè fi kún un. N kò tíì rí ẹni tó padà wá nítorí àfikún.

Ohun tó wà nínú ewu ju eré ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Emmett Ashford, ọ́ḿpáyà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú líìgì àgbà, òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ni ní Los Angeles. Eré àdúgbò àti ti ilé-ìwé ni ó fi kọ́ iṣẹ́, ó lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú àwọn líìgì kéékèèké, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó pè é sí òkè ní ọdún 1966. Jen Pawol, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe é nínú líìgì àgbà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, láti inú eré sọ́fútíbọ́ọ̀lù àwọn tí kì í gbowó iṣẹ́ ni ó ti gòkè. Kò sí ẹni tó mọ èyí tí yóò jẹ́ Ashford nínú àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí bàbá wọn ń gbé wá sí gbọ̀ngàn ìjẹun wa.

Mo ti kọ àbá náà sí ojú ìwé kan: ìwé lára ògiri, àgbà fún eré mẹ́wàá, alábòójútó tó dárúkọ ara rẹ̀. Apín-eré wa ti sọ pé òun yóò dìbò lòdì sí ti àkọ́kọ́, òun yóò sì gba ti ẹ̀kejì bí mo bá lè wá àgbà mẹ́fà tó máa jọ̀wọ́ ara wọn. Mẹ́rin ti gbà. Ìpàdé oṣù Kìíní ni a ó ti dìbò, mo sì ní fóònù méjì láti pè kí ó tó di ìgbà náà.